Ọwọ́ Ta Ni Kó Kan Bíréèkì Wa

Ọ̀rọ̀ bíréèkì ni mo fẹ́ sọ. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹni tó bá ń retí ìtàn ìfẹ́ lè tètè dìde.

Ní ọdún kejì tí ilẹ̀ Niger gba òmìnira, èmi Ràhámọ̀tù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń taṣọ ní Ọjà Kékeré ní Niamey, ra ọkọ̀. Bàṣé ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ níbẹ̀: iwájú rẹ̀ gba ènìyàn mẹ́ta, ẹ̀yìn rẹ̀ gba ẹrù, wọ́n sì fi tapólì bo ẹrù náà. Ọkọ mi, Gàníyù, ló ń wà á. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, a máa ń kó aṣọ lọ sí ọjà Baleyara, a ó sì padà ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú eruku pupa títí dé inú eyín.

Àwọn Faransé tó tà á fún wa fi ìwé kékeré kan mọ́ ọn. Ìwé náà kì í ṣe tèmi, ti ọkọ̀ ni. Ọkọ̀ ọ̀hún ní ìwé kí èmi tó ní ìwé ìgbélùú. Tó bá ti rìn dé iye kan, a ó gbé e padà fún wọn, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì lu òǹtẹ̀ sí ìwé rẹ̀. Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ọwọ́ ẹlòmíràn bá tú u, kí a má ṣe wá bá àwọn mọ́. Akọ̀wé wọn, Boubacar, ọmọ Zarma tó gbọ́ Hausa dáadáa, kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ó rí ojú mi.

Ẹlòmíràn tó wà lọ́kàn mi ni Nùrẹ́nì, àbúrò ọkọ mi. Mo lè kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ báyìí tí mo ti darúgbó. Nígbà náà, n kò gbọdọ̀ pè é. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé ọkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, àmọ́ ó ti wà nínú ilé kí n tó dé, nítorí náà ọkọ lòun náà jẹ́ fún mi. Ìyàwó kì í sì í pe ọkọ lórúkọ. Ó di dandan kí n wá orúkọ tí n ó máa pè é. Mo wo ọmọ náà. Ó ń fi okùn fa agolo sàdíìnì kiri àgbàlá, ikun imú rẹ̀ ń ṣàn. Mo pè é ní Ọ̀gá Mọ́tò. Ká ní mo mọ ohun tó ń bọ̀ ni, ǹ bá pè é ní Eyínfúnjowó bí àwọn ìyàwó yòókù ti ń pe tiwọn.

Ilé gba orúkọ náà lẹ́nu mi, àdúgbò gbà á lẹ́nu ilé. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà, ó lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Kùmásí, torí kí ni ẹni tó ń jẹ́ Ọ̀gá Mọ́tò tún fẹ́ kọ́? Lẹ́yìn náà ló wá bá wa ní Niamey, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù sábẹ́ igi dongoyárò kan ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Dar es Salam, ó sì ní kí wọ́n kọ orúkọ tí mo sọ ọ́ sára pátákó. Gbogbo ènìyàn ní ó mọṣẹ́. Èmi nìkan ni mo mọ ibi tí oyè rẹ̀ ti wá. Ta ló fẹ́ gbára lé oyè tí òun fúnra rẹ̀ fi rẹ ọmọdé lẹ́kún?

Tí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, "ẹ" ni mo ń lò fún un. Nínú ìtàn yìí, "ó" ni n ó lò, kí ọ̀rọ̀ lè yá. Kí àwọn ará ilé wa má bínú.

Ìyá ọkọ wa, tí wọ́n ń jẹ́ Mọ́rìlíátù, ń gbé pẹ̀lú wa ní àdúgbò Boukoki. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ sílé. Wọn ò ní ara àwọn ò yá. Wọ́n kàn ní yanrìn Niamey gbóná jù láti fi bo àgbàlagbà, Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn fẹ́ kú sí. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òun fẹ́ mu ẹ̀kọ. Gàníyù dá ọjọ́. Ọjọ́ Àtìní ni, ọkọ̀ wa ni yóò gbé wọn, láti Niamey dé Gaya, láti Gaya gba ilẹ̀ Dahomey, títí délé.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ kan kí a gbéra nígbà tí bíréèkì kú. A ń bọ̀ láti Baleyara. Agbo màlúù ń sọdá níwájú wa, Gàníyù tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wọlẹ̀ lọ láìsí ohun tó dá a dúró. Bíréèkì ọwọ́ ló gbà wá. A dúró sí àárín agbo náà gan-an. Màlúù kan ti orí bọ fèrèsé, ó wò mí lójú fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí mò ń rò ni pé Ìyá ni yóò jókòó síbi tí mo jókòó sí yìí ní ọ̀sẹ̀ méjì ọ̀la. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé gbogbo ìbínú tí mo bí lẹ́yìn náà, ẹ̀rù ló bí i.

Ta wá ni kó tún un ṣe? Gàníyù ní ohun tí mo bá ti fẹ́ ni òun náà fẹ́. Ọkùnrin tó bá sọ báyìí ń wá ẹni tí yóò gbé ẹ̀bi dání fún òun. Mo gbé ọkọ̀ lọ fún àwọn Faransé. N kò sọ fún Nùrẹ́nì. N kò sọ fún Ìyá náà, torí wọ́n á ní kí ni mo fi ọmọ àwọn pè. Mo ní ọkọ̀ ti kó ẹrù ẹnì kan lọ sí Dosso.

Ní ilé iṣẹ́ àwọn Faransé, orí bẹ́ńṣì ni olówó ọkọ̀ ń jókòó sí, dígí á sì wà láàrin òun àti ọkọ̀ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wọlé lọ wo ohun tí wọ́n ń tú. Boubacar ní wọn kì í gbà bẹ́ẹ̀. Mo ní kó sọ orúkọ ẹni tó ń ṣe é fún mi. Ó ní ilé iṣẹ́ ló ń ṣe é. Aláṣọ ni mí. Tí wọ́n bá gbé aṣọ aláró wá bá mi, n ó bu omi sí etí rẹ̀, n ó fi gèlè funfun nù ún, n ó sì wò ó bóyá ó ṣí. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí n bu omi sí aṣọ rẹ̀, kó máa gbé e lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà mo jókòó sórí bẹ́ńṣì, mò ń wo òjìji ara mi nínú dígí, torí òǹtẹ̀ wọn wù mí.

Ní Àlàmísì, wọ́n gbé ọkọ̀ fún wa, wọ́n tilẹ̀ ti fọ tapólì rẹ̀. Gàníyù wà á yí Boukoki ká, bíréèkì ń mú dáadáa. Inú mi dùn, mo ra ẹja ńlá lọ sílé. Ní ọjọ́ Àìkú, ní ojú ọ̀nà Baleyara, ó tún kú.

Ní ọjọ́ kejì, mo ti dé ẹnu ọ̀nà wọn kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Boubacar ṣí ìwé ọkọ̀, ó fi ìka tọ́ òǹtẹ̀ tuntun. "C'est écrit, madame," ló wí, ó sì fi Hausa tún un sọ pé ó ti wà nínú ìwé pé bíréèkì ti dára.

Mo ní, "Ó dáa. Kí ìwé náà gbé Ìyá wa lọ sílé."

Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó ní bí mo bá fẹ́ kí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò, àyè tó kàn di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ọjọ́ méje péré ló kù fún wa. Mo bú wọn ní Yorùbá, mo bú wọn ní Hausa, mo sì fi ìwọ̀nba Zarma tí mo gbọ́ parí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé abẹ́ igi dongoyárò ní Àtàláátà. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti sọ di dúdú, mo ní Ọ̀gá Mọ́tò, ẹ gbà wá. Nùrẹ́nì ní kí n dìde, ilẹ̀ yẹn kò dára fún ìró. Kò béèrè ìdí tí n kò fi tètè wá. Ọkọ̀ ló ń béèrè nípa rẹ̀. Ṣé tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ló ń kú ni, àbí tó bá ti rìn jìnnà? Ṣé ó máa ń kú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́? Ìbéèrè náà pọ̀ débi pé ó sú mi, mo ní bóyá kí ó bi ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Ó tú u. Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó sì to gbogbo ohun tó tú sórí rẹ̀ níbi tí ojú gbogbo ayé ti lè rí i. Ìyá gbé àpótí ìjókòó wọn wá láti Boukoki, wọ́n jókòó ti ẹní náà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń ṣọ́ àwọn irin náà bí ẹni tó ń ṣọ́ èlùbọ́ tí wọ́n sá.

Ní Àlàmísì ó parí. Mo ní mo fẹ́ bu omi sí aṣọ náà. Ó mọ ohun tí mò ń sọ. Ó wa ọkọ̀ lọ sí etí odò Ọya, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sídìí bákì, pẹpẹ irin tó ń gbé ọkọ̀ sọdá omi. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ dúró. N kò yìn ín. Aṣọ mìíràn wà tí kì í ṣí níbi omi àkọ́kọ́.

Ọkọ̀ sùn sílé, ó wà nílé ní Jímọ̀. Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, mo ní kí Gàníyù gbé e padà lọ sí etí odò. Ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó dúró. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọkọ̀ gba àárín àwọn ẹlẹ́ja kọjá, ó wọ odò Ọya lọ títí omi fi dé ìdajì táyà. Kò sí ẹni tó fara pa. Obìnrin Zarma kan kó ẹja rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kí wa ní "fofo", tí í ṣe ẹ kú àbọ̀ wọn.

A fi bíréèkì ọwọ́ rọra dé Dar es Salam. Ìyá ti wà lórí àpótí wọn. Àwọn awakọ̀ mẹ́ta tó gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá wà níbẹ̀, Ousmane, tí ó dàgbà jù nínú wọn, ń mu tíì. Mo ti mọ ohun tí Nùrẹ́nì máa sọ. Gbogbo mẹkáníìkì ló ń sọ ọ́: ẹni tó ṣe é ṣáájú òun ló bà á jẹ́. Tó bá ti sọ ọ́ báyìí, n ó ní kò sí ẹni tó ṣe é ṣáájú rẹ̀, ọwọ́ mi á sì tẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo ti múra sílẹ̀ láti ṣe nìyẹn.

Ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀.

"Ìyàwó wa," ó wí, "mi ò mọ ohun tó ń ṣe é."

Ousmane gbé ife tíì sílẹ̀, ó yíjú sí ibi tí ọkọ̀ tirẹ̀ wà.

Nùrẹ́nì ò sì dákẹ́ síbẹ̀. "Àwọn Faransé ló kọ́kọ́ ṣe é. Mo rí ọ̀dà pupa wọn lórí àwọn nọ́ọ̀tì láti ọjọ́ Àtàláátà. Iṣẹ́ wọn dáa, mi ò rí àléébù kankan níbẹ̀. Tèmi náà dáa. Síbẹ̀, ó ń kú. Mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò sì ní jẹ́ kí Ìyá wọ̀ ọ́."

Ìyá yí ojú sí mi. Wọn ò dárúkọ Dosso. Ojú tì mí débi tí n kò mọ ibi tí mo máa gbé ọwọ́ mi sí. Irọ́ tí mo pa nílé, ọ̀dà pupa ti tú u láti ọjọ́ kẹrin, ọkùnrin yìí sì gbé e mì kí n má bàa tẹ́. Kì í ṣe pé ó fẹ́ tẹ́ mi ló ṣe sọ ọ́ báyìí. Kò lè sọ òdodo nípa bíréèkì láì sọ èyí mọ́ ọn. Ó sì ní pátákó lókè orí rẹ̀, ó ní oníbàárà mẹ́ta níwájú rẹ̀, ìyá rẹ̀ jókòó tì í, ó ní òun ò mọ̀. Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí lẹ́yìn dígí.

Ó tún béèrè ohun kan, ó sì bi gbogbo wa pọ̀: yàtọ̀ sí òun àti àwọn Faransé, ta ló tún ń ṣí iwájú ọkọ̀ yìí? Mo ní kò sí. Gàníyù ní òun nìkan ni, omi lásán sì ni òun máa ń bù sí i.

"Èmi ni," Ìyá wí.

Wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń se gbẹ̀gìrì. Nígbà tí Gàníyù dá ọjọ́ ìrìn-àjò, wọ́n lọ bá Àlùfáà Jàfárù, ó sì ń ṣe hàǹtú fún wọn ní gbogbo Jímọ̀: ó ń kọ Kùránì sí wàláà, ó ń fi omi fọ̀ ọ́ sínú ìgò. Àlùfáà ní kí wọ́n mu ún. Wọ́n ń mu ìlàjì. Wọ́n wá rò ó pé ọkọ̀ ló máa gbé àwọn, kò sì dáa kí arìnrìn-àjò mu kí ẹni tó gbé e má mu. Gàníyù máa ń ṣí iwájú ọkọ̀ sílẹ̀ ní Jímọ̀ kí ó tútù, á sì lọ wẹ̀ fún ìrun. Wọ́n ti rí i pé ẹnu ńlá kan wà tí Gàníyù ń bu omi sí. Ẹnu kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ọmọrí tó mọ́. Wọ́n ní ẹnu ńlá ni ti omi lásán, nítorí náà ẹnu kékeré ní láti jẹ́ ti ohun iyebíye. Wọ́n ń bu díẹ̀ jáde nínú ọ́ìlì tó wà níbẹ̀ kí hàǹtú lè rí àyè.

Gàníyù kò lè bá ìyá rẹ̀ wí. Èmi ìyàwó, ta ni mí? Àwọn awakọ̀ náà sì lójú àánú, wọ́n ń wo ewé dongoyárò.

Nùrẹ́nì bu ohun tó wà nínú ẹnu kékeré náà sínú àwo, ó ti rí bí omi ìfọwọ́. Ó rọra sọ ọ́ fún mi létí. Ọ́ìlì tó yẹ kó wà níbẹ̀ kì í tètè hó, bó ti wù kó gbóná tó. Omi ń hó. Tí bíréèkì bá ti gbóná, omi á di ooru, ooru náà sì ni ẹsẹ̀ awakọ̀ máa ń tẹ̀. Tó bá tutù, gbogbo rẹ̀ á dára padà. Èyí yé mi, torí mo mọ ohun tí ooru ń fi ọmọrí ìkòkò ṣe. Ó sì wá yé mi pé àwọn Faransé tí mo bú ní èdè mẹ́ta ti da omi náà nù, wọ́n ti fi ọ́ìlì tuntun sí i, wọ́n ṣe é bó ti yẹ. Ohun tí wọn ò ṣe kò ju pé wọn ò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Èmi ni mo gbé e padà wá sílé fún hàǹtú Jímọ̀.

Ousmane gbé ife tíì rẹ̀ padà. Ó ní a kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì, Yorùbá tó gbọ́ lẹ́nu àwọn oníbàárà rẹ̀ nìyẹn, kò sì gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Nùrẹ́nì fi ọjọ́ méjì tú gbogbo rẹ̀, ó fọ gbogbo páìpù rẹ̀, ó fi ọ́ìlì tuntun sí i. Ní àárọ̀ Àtìní, a ti di ẹrù. Ó ní ká kọ́kọ́ gba etí odò, kí òun tún dán an wò níṣojú gbogbo wa, òun fúnra òun ló sì máa wà á délé. Nígbà tí a dé òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, Ìyá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì mú ìgò kan jáde nínú ìborùn wọn. Àlùfáà Jàfárù ti ṣe tuntun fún ọ̀nà. Wọ́n ń rìn lọ sí iwájú ọkọ̀.

Gàníyù wo ilẹ̀. Èmi wo Gàníyù. Mo mọ̀ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, mo sì mọ̀ pé kò lè jẹ́ èmi. Nùrẹ́nì dọ̀bálẹ̀ sórí yanrìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ìgò náà lọ́wọ́ wọn, ó ní bísímílà, ó sì mu gbogbo rẹ̀ láì gbé e kúrò lẹ́nu.

"Èmi ni mo máa wà á, Ìyá," ó wí. "Èmi ló yẹ kó mu ún."

Ìyá rò ó wò. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ó fi igi fa ìlà sórí yanrìn nísàlẹ̀, ó wọnú ọkọ̀, ó ní kí gbogbo wa dúró lókè. Mo ṣí ilẹ̀kùn kejì, mo jókòó tì í. Ó wò mí, ó jí ọkọ̀. A sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ dúró sórí ìlà. A gòkè padà, a tún sọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo di ilẹ̀kùn mú, mo di ojú mi. Ó dúró sórí ìlà. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹrin, ó ṣe é lẹ́ẹ̀karùn-ún, òórùn bíréèkì gbígbóná gba imú wa, ó ṣì ń dúró sórí ìlà kan náà. Lẹ́yìn ìkẹfà, ó tún ń yí ọkọ̀ padà. Ìyá dìde lórí àpótí wọn tí Gàníyù ti gbé kalẹ̀ fún wọn.

"Ó tó, Nùrẹ́nì," wọ́n wí. "Ilé ni mò ń lọ, kì í ṣe odò."

Wọ́n jókòó sáàrin èmi àti Nùrẹ́nì, Gàníyù sì bá ẹrù jókòó lẹ́yìn. Ní ọjọ́ kẹrin, ọkọ̀ dúró síwájú ilé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ènìyàn jáde, wọ́n gbé ẹrù, Ìyá sì sọ̀ kalẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n fi ọwọ́ kan ògiri, wọ́n wọlé. Èmi ò tíì lè sọ̀. Mo jókòó ti Nùrẹ́nì, mò ń sunkún, torí ibi tí wọ́n fẹ́ kú sí la gbé wọn dé, a sì gbé wọn débẹ̀ láàyè.